Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Tí Mo Kọ́ ní Ìkòtún

Ọdún kẹrin tí ọkọ mi ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Gíríìkì. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín, wọ́n á ní kí ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta fẹ́ fi Gíríìkì ṣe ní Ìgàndò. Èmi náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo máa ń wá láti Dópẹ̀mú ní àárọ̀ Sátidé láti jókòó ti bàbá rẹ̀, pé wákàtí mẹ́rin yẹn nìkan ni mo ní fún ara mi láàárín ọ̀sẹ̀, àti pé tí mi ò bá ní ibì kan pàtó tí mò ń lọ, inú ilé náà ni mo máa wà, màá sì máa fọ aṣọ ibùsùn. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Ìkòtún, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta bátìrì àti sólà nísàlẹ̀. Àwa mọ́kànlá la wà ní kíláàsì.

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Géètì tó ṣe láàárín Ìgàndò sí Ẹgàn pọ̀ débi pé tí mo bá ń kọjá, mo máa ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí ife tíì, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó nílẹ̀ bí ẹni pé ife ẹlòmíì ló fọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì bi mí ní ọsibítù bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti pa oògùn náà tì, mo sì mọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Nígbà tí a gbé e délé láti ọsibítù, olùṣọ́ ìjọ wa wá gbàdúrà fún wa. Ó ní òun rí obìnrin kan tó gbé abọ́ funfun dání. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ìyókù. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ife yẹn bọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Ìjẹ̀gùn, wọ́n sì gbé mọ́ínmọ́ín wá fún àbúrò wọn nínú abọ́ rọ́bà funfun. Mùsùlùmí ni wọ́n, bí gbogbo ìdílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi nìkan ló tẹ̀ lé mi wọ aṣọ funfun, inú ẹbí ò sì dùn sí i nígbà náà. Mo wo olùṣọ́ ìjọ lójú, mo ní, "Mo mọ ẹni náà, sà."

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún dé, mo pàdé wọn lẹ́nu géètì. Mo ní kí wọ́n má wọlé. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Ẹ bi ara yín." Wọ́n wá gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ọsàn àti òróró ìfọwọ́ra kan, ka orí kọnkéré tí a fi bo gọ́tà, wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Mi ò gbé ọsàn náà wọlé. Ó jẹrà síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń jagun. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa á bá mi jókòó ti ọkọ mi, a ó kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó pariwo, a ó ju ọwọ́, a ó lé obìnrin abọ́ funfun padà síbi tó ti wá. "Ìyá, ojú ogun lẹ wà o, ẹ ò gbọdọ̀ sinmi." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn, pẹ̀lú ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Màá darí sílé, màá yí ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí ìdí rẹ̀ má baà dégbò, màá fọ ohun tó yẹ kí n fọ̀, màá fún un lóúnjẹ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé á dé sí fàráńdà, nítorí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà ilé ìwé sílẹ̀. Tí wọ́n bá lọ tán, màá tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń tán. Tí mo bá jí láàárọ̀, á dà bí ẹni pé mo ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tíṣà Gíríìkì wa ò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè, "Mọ̀mí" ló sì máa ń pè mí. Ní Sátidé kan, ó kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù: strateuomai. Ó ní kí a pè é tẹ̀ lé òun. Ẹnu wa ò gbà á. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi wá pé báwo ni Bíbélì Yorùbá ṣe túmọ̀ rẹ̀.

Mo nawọ́. "Jagun, sà." Mo mọ̀ ọ́n nítorí ẹsẹ tí olùṣọ́ wa máa ń kà lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́ níyànjú pé kó ja ogun rere.

Tíṣà ní, "Jagun ò burú, Mọ̀mí, ó kàn kéré ni. Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan fún kí ẹni méjì máa bára wọn jà. Ó ní òmíràn fún kí ìlú kan gbógun ti ìlú kejì. Èyí yàtọ̀ sí méjèèjì. Ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Tí wọ́n bá ní kó rìn, á rìn. Tí wọ́n bá ní kó ṣọ́ ibì kan, á ṣọ́ ọ. Á ru ẹrù rẹ̀. Bí ọ̀tá bá dé, á jà. Bí ọ̀tá ò bá sì dé fún ọdún kan, ẹnu iṣẹ́ náà ló ṣì wà."

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lápá Ẹgbẹ́dá. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà yìí ò wọ yunifọ́ọ̀mù rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n! Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe ṣọ́jà. Ẹ kó gbogbo ọjọ́ tí mo yìnbọn sí èèyàn jọ, kò lè pé oṣù kan. Ìyókù, kòtò ni mò ń gbẹ́, bàtà ni mò ń dán, mọ́tò oúnjẹ ni mò ń retí."

Mo bi wọ́n pé, "Kí ló wá le jù níbẹ̀, sà?"

Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ìṣọ́ ni, ìyá. Ìṣọ́ le ju ìjà lọ. Pàápàá tí wọ́n bá gbàgbé láti rán ẹni tó máa wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ."

Tíṣà tún wá mẹ́nu ba gírámà ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì ní ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ọ̀nà kìíní, èmi ni mo ṣe nǹkan sí ẹlòmíì. Nínú ìkejì, wọ́n ṣe é sí mi. Ìkẹta wà láàárín àwọn méjèèjì: ẹni tó ń ṣe é wà nínú ohun tó ń ṣe, ó sì ń kàn án lára. Ẹnì kan ní irú èyí ò sí ní Yorùbá.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Mọ̀mí, tí ẹ bá ní 'mo wẹ ọmọ', ara ta lomi kàn?"

"Ara ọmọ ni."

"Tí ẹ bá wá ní 'mo wẹ̀'?"

"Ara èmi fúnra mi."

"Ẹ rí i pé ẹ ò pe 'ara mi' rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé e sínú." Ó ní Gíríìkì náà ní ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ tó ń ṣe báyìí, pé ìparí ọ̀rọ̀ ló máa ń fi hàn, àti pé gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ogun yẹn ti jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun, ìparí ti àárín yẹn ló wà lára rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́lé lé e lórí o. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àṣà èdè lásán ni." Ó fún wa níṣẹ́ ilé: kí á wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, kí á kọ bí wọ́n ṣe lò ó ní ibi kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń rò ó pé mo ti wẹ ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò rántí bóyá èmi náà wẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi ti sùn, àwọn ọmọ lẹ́sìn ò tíì dé, mo wá tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì oúnjẹ. Ibi méje ni mo rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ni ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń béèrè pé ta ló ń ṣiṣẹ́ ológun tó tún ń ti àpò ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Mo ń tẹ̀ síwájú títí mo fi dé inú ìhìnrere, létí odò tí Jòhánù ti ń tẹ àwọn èèyàn bọmi. Àwọn ṣọ́jà kan wá bá a, wọ́n bi í pé àwa náà ńkọ́, kí ni ká ṣe? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe àwọn ṣọ́jà yẹn ni ọ̀rọ̀ tiwa gan-an, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun.

Mo retí pé Jòhánù á sọ nípa ọ̀tá fún wọn. Kò dárúkọ ọ̀tá. Ó ní kí wọ́n má fipá gba nǹkan ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má fẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo ti gbọ́ ẹsẹ yẹn láti kékeré, kò kàn mí rí. Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ nínú oorun. Mo rántí ohùn mi lọ́jọ́ náà, bó ṣe jáde láìwárìrì. Mo mọ ẹni náà, sà. Mo pa ìwé náà dé. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo ní kí wọ́n máa ṣe ìṣirò, mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sọ pé màá lọ, tí mi ò lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo bẹ ìyá tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa pé kí wọ́n bá mi jókòó tì í. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìkòtún, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn. Òjò ti rọ̀, ojú ọ̀nà ti di odò, ọlọ́kadà ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo débẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

Rọ́bà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń tà, kẹ́ẹ̀gì omi, báàfù, abọ́ oríṣiríṣi. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń so korobá pọ̀. Wọ́n ti gbó sí i. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀ náà.

"Ẹ káàsán mà, Àǹtí."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá mà. Ó wà. Ó wà láàyè."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ di ìdí àpótí tí wọ́n jókòó lé mú. "Alihamudulilahi." Wọ́n wá wò mí dáadáa. "Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ látilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Àǹtí, èmi ni mo ní ẹ̀yin ni. Kò sí ẹni tó rí yín lójú ìran. Wọ́n rí abọ́, èmi ni mo fi yín sí i. Oògùn ló pa tì. Mo mọ̀ látìgbà náà."

Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra báàfù. Wọ́n dìde, wọ́n bá a nájà, wọ́n tà á, wọ́n fún un ní ṣéńjì, èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Nígbà tó lọ tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ rẹ máa ń pè mí. O ò mọ̀, àbí? Gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo mọ ìgbà tí egbò yọ sí i nídìí. Mo mọ ìgbà tí kò lè gbé omi mì." Ohùn wọn ò ròkè. "Ọdún mẹ́rin, ìyàwó. Àbúrò tí mo pọ̀n. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti ń sunkún rẹ̀, ó sì wà láàyè."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mi ò tíì débẹ̀." Wọ́n gbé okùn, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. "Ta ló ń bá ọ yí i?"

"Èmi nìkan ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Dìde. Ẹsẹ̀ rẹ á ti kú. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í ṣe torí tìẹ o. Àbúrò mi ni mo fẹ́ rí."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n mú kànìnkànìn àti táwẹ́ẹ̀lì tiwọn dání, bí ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ohun ìlò ilé wa, kí wọ́n má tún baà fẹ̀sùn kàn án. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, ọkọ mi wò wọ́n, ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ̀... gbọ́n." Ọ̀rọ̀ náà já sí méjì lẹ́nu rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì, tòsì àti tọ̀tún. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan. Mi ò lè dúró. Mo lọ sí yàrá kejì, mo ní kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Ohùn àwọn ọmọ lẹ́sìn ní fàráńdà ló jí mi. Aago méjì ti kọjá. Mo sáré jáde. Ọkọ mi ti wẹ̀ mọ́, ó ti jẹun, wọ́n ti gé èékánná rẹ̀, aṣọ ibùsùn ti wà lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ò ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta," wọ́n ní. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún dé.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọ wa ṣe ọ̀sẹ̀ àdúrà ogun. Olùṣọ́ ní kí n kọ́ àwọn obìnrin ní àárọ̀ Ọjọ́rú, pé mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Mo dúró níwájú wọn nínú aṣọ funfun mi, mo sọ ohun tí tíṣà kọ́ wa. Mo ní iṣẹ́ ogun kì í ṣe ariwo, ìdúró pẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Jòhánù sí àwọn ṣọ́jà fún wọn. Mo wá ní, "Èmi ti fẹ̀sùn èké kan èèyàn nínú ilé yìí, ẹ sì ti bá mi gbàdúrà lé e lórí fún ọdún mẹ́rin." Mo fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, olùṣọ́ lu agogo, wọ́n dá orin.

Nígbà tí a túká, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. "Ìyá, ẹ ti bu omi paná àdúrà. Ṣé Gíríìkì ló ń lé ọ̀tá ni?"

"Rárá, sà."

Ó wẹ̀yìn wò. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni."

Wọn ò pè mí kí n tún wá kọ́ni mọ́. Àwọn obìnrin kan ò jókòó tì mí mọ́ lórí bẹ́ńṣì, mi ò sì bá wọn jà. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ lé mi dé ojú títì lọ́jọ́ náà, ó di apá mi mú, ó ní òun náà ní ẹnì kan. Kò sọ ẹni náà, mi ò bi í. A jọ dúró de kẹ̀kẹ́.

Ọkọ mi ò tíì rìn. Dókítà ò sọ pé á rìn. Ẹ̀yìn ń dùn mí síbẹ̀, àárẹ̀ náà ò kúrò, ṣùgbọ́n ó ti ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ tí kì í wọlé tọ̀ mí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn tí àwa méjèèjì jọ yí i tán, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kírun Àsárì lórí ẹní tí mo tẹ́ fún wọn ní pálọ̀, mo tún bi wọ́n.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti dárí jì mí báyìí?"

Wọ́n ń ká ẹní náà. Wọn ò wojú mi. "Ìbéèrè yìí ti ń sú mi, ìyàwó. Lọ po ògì jàre, ebi ń pa àbúrò mi."

Mo lọ po ògì.